VS Code ni kí n fi kọ́ wọn ni, àbí Thonny?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kubwa ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Python, èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà, ní ọjọọjọ́ Sátidé. Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin péré la ní, ògbólógbòó ni gbogbo wọn, iná kì í dúró, dátà sì ti gbówó lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ sọ́fítíwià sọ pé VS Code ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn ní Thonny ni. Irinṣẹ́ tí a fi ń kọ kóòdù ni méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Thonny ni kí ẹ mú. Kì í ṣe pé VS Code kò dára o. Òun ni èmi fúnra mi fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ń wá irinṣẹ́ tí yóò bá a yára. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, èyí tí yóò jẹ́ kó rí ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà ló bá a mu.

Ẹ wo ohun kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì dáadáa. Ẹ ní kí ọmọ kan ṣírò owó kéké lọ sí ọjà, àlọ àtàbọ̀. Ó kọ ọ́ báyìí:

owo = input("Eélòó ni owó kéké? ")
print(owo * 2)

Ó tẹ 200, ó ń retí 400, kọ̀ǹpútà sì gbé 200200 jáde. Kò sí àmì pupa kankan, kọ̀ǹpútà kò ṣàròyé. Ohun tó fà á ni pé gbogbo ohun tí input bá gbà, ọ̀rọ̀ ló ń kà á sí, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí ẹ bá sì fi 2 sọ ọ̀rọ̀ di púpọ̀ ní Python, ńṣe ni yóò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ọmọ tí kò rí èyí yóò gbà pé ìṣirò ni òun kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sá fún kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń dùn mí.

Nínú Thonny, ẹ lọ sí View, ẹ mú Variables. Ọmọ náà á rí owo níbẹ̀, á sì rí '200' pẹ̀lú àmì àyọlò lọ́tùn-ún lósì. Bó bá yí ìlà àkọ́kọ́ sí int(input(...)), àmì yẹn á pòórá, èsì á di 400. Ẹ má tètè là á yé e. Ẹ bi í pé kí ló yí padà, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ wọn ní Ctrl+F5. Prógíráàmù kò ní sáré tán mọ́. F7 ni wọn yóò máa tẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti dátà, Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe Thonny, ọ̀fẹ́ ni, èyí tí ẹ bá sì gbà fún Windows ti ní Python nínú. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi fíláàṣì gbé e sórí láptọ́ọ̀pù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó parí. VS Code ní tirẹ̀, ẹ ó tún wá Python lọ́tọ̀, ẹ ó tún fi àfikún tirẹ̀ kún un, Sátidé kan á ti lọ sí i.

Ẹ fi ọmọ méjì-méjì sídìí láptọ́ọ̀pù kan, kí ọ̀kan máa tẹ̀ ẹ́, kí èkejì máa sọ ohun tó rò pé yóò jáde kí wọ́n tó tẹ F5 tó ń mú prógíráàmù ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ìlà sínú ìwé, orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kóòdù, bí owo, lókè, kí wọ́n máa kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ìlà kóòdù ṣe ń tẹ̀léra. Mo ka iṣẹ́ ìwé yìí sí ju kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọmọ Hausa bá sì fẹ́ pe orúkọ náà ní kudi, tí ọmọ Ìgbò pè é ní ego, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Python 3 gba owó pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ pàápàá.

Ìgbà tí wọ́n bá lè sọ ohun tí for, àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ ṣe léraléra, yóò ṣe láìtíì tẹ̀ ẹ́, tí iṣẹ́ wọn sì ti ju fáìlì kan lọ, ẹ gbé VS Code jáde, kí ẹ fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà tí a bá ṣe sí kóòdù, kún un. Linus Torvalds ṣe Git ní 2005 fún iṣẹ́ Linux, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì àyàfi bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Kó tó dìgbà náà, kí wọ́n máa tẹ Ctrl+S lemọ́lemọ́, nítorí bátìrì ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù lè kú nígbàkígbà.