Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Wọ́n Ń Ro Òkèlè Àgbàdo ní Ítálì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Sìpàgẹ́tì nìkan ni àwa mọ̀ mọ́ Ítálì ní Kétu níbí. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ro òkèlè àgbàdo? (Ìyá olóńjẹ kan, Kétu)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ìyá wa. Polenta ni orúkọ rẹ̀ ní àríwá, pàápàá ní Lombardia, Veneto àti Friuli. Wọn a gbé omi oníyọ̀ kaná nínú ìkòkò bàbà, wọn a máa da ìyẹ̀fun àgbàdo sí i díẹ̀díẹ̀, wọn a sì máa fi igi rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, kí wọ́n tó dà á sórí pátákó. Ọbẹ̀ ẹran, olú tàbí wàràkàṣì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, tó sì ti dì, wọn a gé e dín. Kí àgbàdo tó ti Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn ọdún 1492, jéró àti àwọn ọkà mìíràn ni wọ́n ń lò.

Ó bani nínú jẹ́ pé ní ọ̀rúndún 18 àti 19, ọ̀pọ̀ tálákà tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ mọ́ ọn ni àrùn pellagra pa, nítorí pé fítámì B3 inú àgbàdo kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara. Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ ẹja àti ẹ̀wà kúrò nínú oúnjẹ tí ẹ ń tà.