Ẹ Bi Wá Nípa Eyín: Kráùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ti ṣe rúùtù kánà sí eyín ẹ̀yìn mi, ó sì ti dí i. Kò dùn mí mọ́ rárá. Wọ́n tún ní kí n wá fi kráùn, ìyẹn ìbòrí líle tó rí bí eyín, bò ó, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣé dandan ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi? – Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ kú ìnáwó, mà. Pé kò dùn yín mọ́ kò ní kí eyín náà lágbára. Iṣan inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìrora ni wọ́n fi rúùtù kánà yọ. Wọ́n ti gé ibi tó jẹrà kúrò, wọ́n sì tún lu ojú rẹ̀ kí irinṣẹ́ lè dé gbòǹgbò. Ògiri fẹ́ẹ́rẹ́ ló kù yíká ohun tí wọ́n fi dí i. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi gé orógbó tàbí egungun, ògiri yẹn lè là. Bó bá là lókè, ó ṣeé tún ṣe. Bó bá là wọ gbòǹgbò, àfi kí wọ́n yọ ọ́. Eyín iwájú tí ihò rẹ̀ kéré lè máà nílò kráùn, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn tí ihò rẹ̀ tóbi, ẹ má fi falẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà bí eyín gidi tó kù lókè ẹran ìdí eyín ṣe ga tó. Ó yẹ kó tó nǹkan bíi mìlímítà 2 yíká, torí ibẹ̀ ni kráùn ti ń rí nǹkan dì mú. Ohun tí wọ́n fi dí eyín kò sí nínú ìṣirò yẹn o. Bí kò bá tó, kráùn á máa bọ́, tàbí kí gbòǹgbò là. Irin tí wọ́n máa ń ki bọ inú gbòǹgbò kì í fún eyín lágbára, bí àwọn kan ṣe rò. Ohun tí wọ́n mọ sókè eyín dípò ibi tó ti lọ ló ń gbé dúró.

Ó sábà máa ń gba pé kẹ́ ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á rẹ́ eyín náà kù. Bó bá jẹ́ kráùn onírin tí wọ́n fi tánganran bò ni, wọ́n á rẹ́ orí eyín tó mìlímítà 1.5 sí 2. Wọ́n á fi òwú ti ẹran eyín sẹ́yìn, kí etí ibi tí wọ́n rẹ́ lè hàn, kí wọ́n tó gba bátànì rẹ̀. Etí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí kò bá hàn dáadáa nínú bátànì, kráùn ò ní bá eyín mu, ìdọ̀tí á sì gba àlàfo ibẹ̀ wọlé.

Wọ́n á fi kráùn onígbà-díẹ̀ bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ojúlówó tó dé. Símẹ́ńtì tirẹ̀ kò lágbára, nítorí náà ẹ má jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá ń fi òwú tí wọ́n fi ń nu àárín eyín nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ fà á gbà jáde, ẹ má fà á sókè. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lẹ ojúlówó, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi òwú dán an wò láàárín òun àti eyín kejì. Ó yẹ kí òwú há díẹ̀. Bó bá ń kọjá wọ̀ọ̀, oúnjẹ á máa há síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti lẹ kráùn mi. Tí mo bá ti gé nǹkan jẹ, ó ń dùn mí. – Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ó jọ pé ó ga jù. Abẹ́rẹ́ ti pa ẹnu yín kú lọ́jọ́ náà, ẹ ò lè mọ̀. Ẹ padà lọ: wọ́n á ní kẹ́ ẹ gé pépà aláwọ̀ kan jẹ, wọ́n á sì họ ibi tí àmì rẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n bí eyín náà kò bá gba rúùtù kánà rí, tó wá ń sọ lóru, tàbí tí omi gbígbóná ń mú un dùn tí ìrora náà kì í tètè lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan inú rẹ̀ ló ń kú. Híhọ nìkan kò lè wo ìyẹn.

Ìyá wa gbé eyín góòlù dé láti Mẹ́kà. Ẹran ibẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ń rùn. Ṣé góòlù ni kò bá wọn lára mu? – Alhaji R., Ìwó

Ó ṣòro kó jẹ́ góòlù. Góòlù tí wọ́n ń lò fún kráùn wà lára ohun tó dára jù fún eyín ẹ̀yìn: kì í là, kì í sì í jẹ eyín tó kọjú sí i. Bí wọ́n ṣe fi sí i ni kẹ́ ẹ fura sí. Tí wọ́n bá fi ìbòrí fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ lórí eyín tí kò ṣe nǹkan kan, tí etí rẹ̀ ò sì lẹ̀ mọ́ eyín, oúnjẹ á máa kó síbẹ̀, eyín á sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò X-ray eyín lè má fi gbogbo ohun tó wà lábẹ́ irin hàn, torí náà dókítà lè ní láti gé e kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mú fà á nílé.

Kráùn mi bọ́ síbi tí mo ti ń jẹ ìrẹsì. Ṣé mo lè fi súpá gúlù lẹ̀ ẹ́? – Olùkàwé kan, Ìbàdàn

Rárá o. Ó lè bó ẹran ẹnu, ó sì ń gan kí kráùn tó jókòó síbi tó yẹ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sínú ike tó mọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè sún sí àlàfo náà. Ẹ wo inú rẹ̀: bó bá jẹ́ símẹ́ńtì nìkan ló wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un lẹ̀. Bí kùkùté eyín bá bá a jáde, eyín ló dá, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ máa fọ ìyókù eyín náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ fi ìhà kejì jẹun, ẹ má sì ki kráùn náà bọ ẹnu sùn, kẹ́ ẹ má baà gbé e mì.