Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Dé Tí Harley-Davidson Fi Pa Buell Tì?

Lẹ́tà mẹ́ta tó wọlé láti ìgboro Ìbàdàn lóṣù yìí dá lórí alùpùpù, wọ́n sì bá ara wọn mu débi pé ó yẹ kí a dá wọn lóhùn pa pọ̀.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Bódìjà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà lára àwọn tí ń gun alùpùpù ńlá ní Ìbàdàn níbí, a sì máa ń jáde lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ tàbí ọ̀nà Ifẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àríyànjiyàn kan wà láàárín wa tí kì í tán. Àwọn kan ní alùpùpù Buell kò dára ni Harley-Davidson ṣe dá a dúró ní ọdún 2009. Àwọn mìíràn ní ó dára ju èyí tí Harley fúnra rẹ̀ ń ṣe lọ. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni òótọ́, kí ló sì lè mú kí ilé-iṣẹ́ kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó dára?

Ìdáhùn

Alùpùpù náà dára. Ohun tó pa á ni pé ilé tó gbà á tọ́ kò mọ bí a ti ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìyàn sì mú nínú ilé, ọmọ tí a gbà tọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde.

Erik Buell jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Harley-Davidson, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1903. Ní ọdún 1983, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti máa ṣe alùpùpù eré ìje tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó fi sínú RR1000, èyí tó kọ́kọ́ ṣe fún ojú títì, wá láti inú àwọn ẹ́ńjìnnì XR1000 tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ ní Harley. Ní ọdún 1993, Harley ra ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ rẹ̀; ní ọdún 1998, ó ra kún un débi pé òun ló ní èyí tó pọ̀ jù; nígbà tó fi di ọdún 2003, gbogbo rẹ̀ ti di ti Harley.

Ohun tí Buell ń lépa ni pé kí gbogbo ìwúwo alùpùpù kó jọ sí àárín àti sí ìsàlẹ̀, kí ó lè yá láti dà sí kọ́nà, kí ó sì lè yára gbéra padà. Nínú Firebolt XB9R tó jáde ní ọdún 2002, kò sí táǹkì epo lókè níbi tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí: inú férémù ni epo bẹntiróòlù wà, inú apá tó di táyà ẹ̀yìn mú ni ọ́ìlì wà, abẹ́ ẹ́ńjìnnì sì ni sàlẹ́ńsà wà. Bíréèkì iwájú pàápàá kò dà bí ti ẹlòmíràn, nítorí pé dípò àwo irin méjì tí a máa ń dè mọ́ àárín wíìlì, àwo kan ṣoṣo tó fẹ̀ gan-an ló dè mọ́ etí rííìmù. Nítorí pé etí yẹn ni agbára bíréèkì ti ń bọ́ sí tààrà, kò pọn dandan kí àwọn irin inú wíìlì nípọn, wíìlì sì fúyẹ́. Mo ka èyí sí ọgbọ́n àtinúdá tó ga jù lọ tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jáde nínú iṣẹ́ alùpùpù láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Ẹ́ńjìnnì ni ìṣòro wà. Férémù tó mọ́gbọ́n wá yìí, ẹ́ńjìnnì tó wá láti ìdílé Sportster, alùpùpù Harley kan tó ti pẹ́, ni wọ́n gbé sínú rẹ̀: písítìnnì méjì tí afẹ́fẹ́ ń tù, tó lágbára nígbà tí eré kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í fẹ́ kí a fi tagbára-tagbára yí i. Àwọn ará Jàpáànù, Honda àti Yamaha, Suzuki àti Kawasaki, ti ń fi ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́rin tí omi ń tù sínú alùpùpù eré tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tí 1125R jáde ní ìparí ọdún 2007 ni Buell ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ́ńjìnnì tó bá ara rẹ̀ mu, èyí tí ilé-iṣẹ́ Rotax ti orílẹ̀-èdè Austria bá a ṣe, tí omi ń tù. Ẹ sì wo ohun tó tẹ̀ lé e: ní ọdún 2009, Danny Eslick gun 1125R gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje Daytona SportBike ti AMA, ẹgbẹ́ àwọn tí ń gun alùpùpù ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà pa.

Ibi tí wọ́n ti ń tà á tún dá kún ọ̀ràn náà. Ṣọ́ọ̀bù àwọn aṣojú Harley ni Buell wà, láàárín àwọn cruiser, ìyẹn àwọn alùpùpù gígùn tí ìjókòó wọn lọ sílẹ̀, tí ẹni tó ń gùn ún á na ẹsẹ̀ síwájú, tí a ń gùn pẹ̀lẹ́tù fún ìgbádùn àti fún ọlá. Ẹni tó ti ta irú èyí fún ogún ọdún, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tó ń wá ìró tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré, kò ní ìtara láti ta alùpùpù tí à ń dojú bolẹ̀ gùn fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ̀ ju kọ́nà àti eré lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì rèé, ṣọ́ọ̀bù Yamaha ló ń wọ̀ lọ ní tirẹ̀.

Nígbà náà ni ọrọ̀ ajé dojú dé ní ọdún 2008. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra Harley ní Amẹ́ríkà kì í san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ ayánilówó tí Harley dá sílẹ̀ ni wọ́n ti ń yá a. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ọjà kò tà mọ́, àwọn tó sì ti rà tẹ́lẹ̀ kò rí gbèsè san. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Harley ní láti yá owó 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Warren Buffett, gbajúmọ̀ olówó Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èlé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé tí ilé-iṣẹ́ tó dúró ṣánṣán kì í gbà láti san. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún náà, èrè rẹ̀ jẹ́ 26.5 mílíọ̀nù dọ́là, bẹ́ẹ̀ 166.5 mílíọ̀nù ni ó jẹ́ ní irú àsìkò kan náà lọ́dún tó ṣáájú.

Ọjọ́ kan náà tí wọ́n kéde èrè yìí, ìyẹn ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2009, ni Keith Wandell, ọ̀gá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní oṣù karùn-ún, kéde pé Harley yóò dá Buell dúró, yóò sì ta MV Agusta, ilé-iṣẹ́ alùpùpù ti Ítálì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí gbogbo okun rẹ̀ lè padà sórí orúkọ Harley-Davidson nìkan. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà ni Buell tó kẹ́yìn jáde ní ilé-iṣẹ́ wọn ní East Troy, ní Wisconsin, nígbà tí àpapọ̀ gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe jẹ́ 136,923. Ní ti MV Agusta, nǹkan bí 109 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n rà á ní oṣù kẹjọ ọdún 2008. Lẹ́yìn ọdún méjì péré, wọ́n dá a padà fún ìdílé tó tà á fún wọn ní owó tí kò tó nǹkan.

Ẹni tí owó bá ń jò lára rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti di ojú ihò náà, orí cruiser sì ni èrè Harley wà. Èmi kò bá Wandell jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó ṣe àṣìṣe ńlá bó ti pa Buell run dípò kí ó wá ẹni tí yóò rà á. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 125 mílíọ̀nù dọ́là ni ìdádúró náà yóò ná wọn. Owó yẹn ni wọ́n san láti má ṣe alùpùpù mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ láti fún un ní ẹ́ńjìnnì tó yẹ ẹ́, ní nǹkan bí ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ohun tí a ń pè ní ìpadàbọ̀ sí ìdí iṣẹ́ ẹni kò tọ́ kó jẹ́ aṣọ tí a fi ń bo àìbìkítà.

Kò sì pẹ́ tí irú rẹ̀ tún fi ṣẹlẹ̀. Harley kéde ní ọdún 2018 pé òun yóò ṣe onírúurú alùpùpù fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Bronx. Nígbà tí Jochen Zeitz di ọ̀gá ní ọdún 2020, Bronx kúrò nínú ètò, ní ọdún 2021 sì ni wọ́n tún sọ pé àwọn cruiser ńlá àti àwọn alùpùpù ìrìnàjò gígùn ni àwọn yóò gbájú mọ́. Erik Buell ní tirẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ kí ọdún 2009 tó parí; Hero, ilé-iṣẹ́ alùpùpù ti Íńdíà, dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n owó tán níbẹ̀ ní ọdún 2015. Àwọn ẹlòmíràn ló ń fi orúkọ Buell ṣiṣẹ́ báyìí ní Grand Rapids, ní ìpínlẹ̀ Michigan.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Challenge

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa fẹ́ ta Buell XB tòkunbọ̀ fún mi, iye tó pè é sì wọ̀ mí lójú. Mẹkáníìkì mi ní òun kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn

Bí ó bá jẹ́ pé alùpùpù kan ṣoṣo tí ẹ óò máa gùn lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ nìyẹn, ẹ má rà á. Harley ṣèlérí nígbà náà pé àwọn ohun èlò yóò máa wà, ṣùgbọ́n ọdún ti gorí ọdún, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín wá wọn rí ní Gate. Òkè òkun ni ẹ óò ti máa ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, owó dọ́là ni ẹ óò sì fi san án.

Bí ẹ bá ní òmíràn tí ẹ ń gùn, tí ẹ sì fẹ́ràn ọgbọ́n tó wà nínú èyí bí èmi ti fẹ́ràn rẹ̀, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ wo àwo bíréèkì iwájú bóyá ó ti jẹ tán, nítorí pé ti ẹlòmíràn kò lè bá a mu. Bẹ́líìtì ló ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe ṣéènì, òkúta tó bá há sínú rẹ̀ sì lè já a. Nítorí náà ẹ ra bẹ́líìtì kan sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúró sójú kan nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road ní ọ̀sán gangan, torí afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà, ó sì máa ń gbóná gidigidi bí kò bá rìn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni férémù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bóyá ó ti ṣubú rí, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀ bóyá epo ń jò. Bí ó bá fọ́, tí ẹnikẹ́ni sì sọ pé kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kó bá yín jó o pọ̀, ẹ má gbà: alumíníọ̀mù ni, ibẹ̀ náà sì ni táǹkì epo. Iná tó bá kan epo tàbí ooru epo inú rẹ̀ lè gba ẹ̀mí wẹ́dà náà àti tiyín.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ohun èlò ọ̀kadà ní Gate

Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ Harley yìí sí mi létí. Ohun èlò Bajaj Boxer ló kún ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé àwọn ará Íńdíà náà kò ní jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní àwọn kò ṣe é mọ́?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Bajaj ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní ọdún 2009 kan náà. Ẹ óò rántí àwọn Vespa tí àwọn olùkọ́ ń gùn láyé àtijọ́. Irú rẹ̀ ni Bajaj fi di gbajúmọ̀ ní Íńdíà, Chetak ni wọ́n ń pe èyí tó lókìkí jù nínú wọn. Rajiv Bajaj, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, kéde ní ìparí ọdún yẹn pé àwọn kò ní ṣe irú Vespa bẹ́ẹ̀ mọ́, pé alùpùpù gan-an ni àwọn yóò dojú kọ. Honda ló jèrè ààyè tó ṣí sílẹ̀ yẹn, Activa tirẹ̀ sì gba ọjà náà kan. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2020, Bajaj tún gbé orúkọ Chetak jáde, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń lò báyìí.

Ti Boxer yàtọ̀ sí ti Chetak àti Buell, nítorí pé ó wà lára ohun tí wọ́n padà sí, kì í ṣe lára ohun tí wọ́n sá kúrò níbẹ̀, ọjà ilẹ̀ Áfíríkà sì ṣe pàtàkì fún wọn gan-an. Kódà bí wọ́n bá dá a dúró lọ́la, iye èyí tó ti wà lójú títì láti Ojóo dé Apáta yóò ṣì máa béèrè fún píláàgì, bíréèkì àti ṣéènì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí n kò ní kí ẹ kó pọ̀ sílẹ̀ ni gíláàsì iná iwájú àti àwọn rọ́bà ara rẹ̀ tó jẹ́ ti oríṣi kan ṣoṣo, torí ìwọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ máa ń yí padà nígbàkígbà tí oríṣi tuntun bá dé.