Kí ni kí n wò lára sàíkọ́lọ́jíìsì kí n tó jókòó síwájú ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àyà mi máa ń ṣàdédé lù kì-kì-kì, òòyì á máa kọ́ mi, á wá dà bíi pé mo fẹ́ kú. Wọ́n ti yẹ ọkàn mi wò lọ́sibítù, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é, páníìkì ni, kí n lọ rí clinical psychologist. Gbogbo àwọn tí mò ń rí ló to dìgírì sábẹ́ orúkọ wọn, tòun ti CBT, psychodynamic, integrative, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú. Kí ni kí n wò? Ẹ̀yin náà ńkọ́, báwo lẹ ṣe kọ́ṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹni tí kò bá ṣe rí ò lè mọ bó ṣe ń dẹ́rù bani tó. Ó dáa gan-an pé ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn yín wò.

Ọ̀rọ̀ ìwé ò gùn. Psychiatrist ni dókítà oníṣègùn, òun ló máa ń kọ oògùn. Tiwa clinical psychologist ni ká mọ ohun tó ń ṣe èèyàn, ká wá fi ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ tọ́jú ẹ̀, lọ́pọ̀ ibi a kì í kọ oògùn. Dìgírì tí wọ́n ń bèèrè yàtọ̀ síra: ní Amẹ́ríkà doctorate ni lọ́pọ̀ ìgbà, ní UK náà doctorate ọdún 3 ni lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, àwọn ibòmíì á gba master's. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé kẹ́ni náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, kó sì ní láísẹ́nsì. Ẹ bèèrè láísẹ́nsì yẹn, kẹ́ẹ wo orúkọ ẹ̀ nínú rẹ́jísítà àwọn tó fún un, kì í ṣe ìwọ̀sí rárá.

Èmi, PhD ni mo ṣe, CBT (cognitive behavioural therapy, ìtọ́jú tó ń tún bá a ṣe ń ronú àti ohun tá à ń ṣe ṣe), tí psychiatrist Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1960 sókè, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo mú nǹkan lọ́dọ̀ Carl Rogers náà, sàíkọ́lọ́jíìsì kan tó sọ pé kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ẹni tó wà níwájú ẹ̀ dáadáa kó tó máa kọ́ ọ. Àwọn psychodynamic máa ń wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ lọ sẹ́yìn, sí ìgbà èwe àti bá a ṣe ń bá èèyàn lò, ó wúlò, àmọ́ fún páníìkì òun kọ́ ni màá kọ́kọ́ mú.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tá a máa ṣe ká ní ọ̀dọ̀ mi lẹ wá. Màá ní kẹ́ẹ sọ èyí tó ṣe yín kẹ́yìn fún mi, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú: ibo lẹ dúró sí, kí ló kọ́kọ́ ṣe yín lára, kí lẹ rò, kí lẹ wá ṣe. Ibi "kí lẹ wá ṣe" yẹn ni mo máa ń dúró sí jù, torí ọ̀pọ̀ á ní àwọn di ògiri mú, tàbí àwọn sáré jókòó, tó bá wá lọlẹ̀ wọ́n á rò pé ògiri ló gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé á lọlẹ̀ fúnra ẹ̀ náà ni. Àyà lù, ẹ rò pé ikú ti dé, ẹ̀rù yẹn á tú adrenaline, èròjà ara tó ń mú kí ọkàn sáré, sára, àyà á tún wá lù sí i, bó ṣe ń yí nìyẹn. Tó bá yá, tí dókítà ti ní kò séwu, a jọ máa mí sókè-mí sódò kíákíá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nínú ọ́fíìsì títí òòyì á fi kọ́ yín, a ò ní di nǹkan kan mú, a máa dúró tì í títí á fi lọlẹ̀. Interoceptive exposure lorúkọ ẹ̀. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá, mi ò sì bá wọn wí, àmọ́ ibẹ̀ ni ara ti ń kọ́ pé àyà tó ń lù kì í pani.

Torí náà, ẹ bi ẹnikẹ́ni tẹ́ẹ bá rí pé: kí la máa ṣe gan-an, ṣé ẹ máa ń ṣe exposure, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Tó bá ní integrative lòun, ìyẹn pé òun ń da oríṣiríṣi ọ̀nà pọ̀, kó lè sọ ohun tó fẹ́ mú lò fún yín àti ìdí ẹ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú jáde ní UK, sọ pé wákàtí 7 sí 14 CBT ló dáa jù fún páníìkì, tó bá wá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí nǹkan kan ò yí padà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà náà ṣá o. Sàíkọ́lọ́jíìsì kan, Edward Bordin, kọ ọ́ ní 1979 pé kí ẹ̀yin méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tẹ́ẹ ń lọ àti iṣẹ́ tẹ́ẹ máa ṣe, kẹ́ẹ sì fọkàn tán ara yín. Tẹ́ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un, ẹ sọ fún un, ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Kó sì ṣàlàyé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọ̀rọ̀ yín wà lábẹ́ àṣírí, àyàfi tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu tàbí tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé.

Tẹ́ẹ bá ń lo oògùn kankan lọ́wọ́, ẹ má dá a dúró torí pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tẹ́rápì, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti ìwọ̀n tẹ́ẹ ń lò sílẹ̀, kẹ́ẹ mú un dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò ọkàn yẹn.