Ṣé ọ̀fọ̀ nìkan ni àwọn Júù ń ṣe ní ọjọ́ Tisha B'Av, àbí ìrètí wà nínú rẹ̀?

Ọ̀fọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrètí ìràpadà wà nínú ètò ọjọ́ náà gan-an. Tisha B'Av ni ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Av nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù. Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù méjèèjì ni wọ́n fi ń dárò: èyí tí àwọn ará Bábílónì wó ní ọdún 586 ṣáájú Kristi, àti èyí tí àwọn ará Róòmù dáná sun ní ọdún 70.

Ààwẹ̀ náà le. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lọ́jọ́ kejì, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Wọn kì í wẹ̀, wọn kì í para, wọn kì í wọ bàtà aláwọ, tọkọtaya kì í sì í bá ara wọn lò pọ̀. Lálẹ́, wọ́n á jókòó sílẹ̀ tàbí sórí àpótí kúkurú, wọ́n á ka Ẹkún Jeremáyà.

Tó bá di ọ̀sán, nǹkan á yí díẹ̀. Wọ́n á dìde nílẹ̀, wọ́n á wọ tefillin (àpótí awọ kékeré tí wọ́n fi ẹsẹ Ìwé Mímọ́ sí, tí wọ́n ń so mọ́ apá àti orí nígbà àdúrà) tí ọ̀pọ̀ wọn ò wọ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì gbàdúrà kí Ọlọ́run tu Síónì nínú, kó sì tún un kọ́. Talmud Jerúsálẹ́mù, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́, tilẹ̀ ní ìtàn kan pé ọjọ́ tí Tẹ́ḿpìlì wó gan-an ni wọ́n bí Mèsáyà. Ní Sátidé, Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù, tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìtùnú inú Aísáyà orí 40 ni wọ́n ń kà.

Tí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Sátidé, wọ́n á sún ààwẹ̀ sí ọjọ́ Àìkú. Aláìsàn kò ní láti gbà á.