Ṣé ọ̀kan náà ni "ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́" àti "ará Ògbómọ̀ṣọ́"?

Ẹnìkan bèèrè pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ lòun ti kàwé, ibẹ̀ lòun ti ń ṣòwò títí dòní, àmọ́ Ọ̀fà ni bàbá òun ti wá. Ó ní òun sọ níbi ìnáwó kan pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun, ni àgbàlagbà kan bá ní rárá o, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó dùn ún, ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá yẹn bú òun ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ó dùn yín, kìí ṣe èébú rárá. Ibi téèyàn ń gbé ni "ará" ń sọ, ilé tó ni èèyàn ni "ọmọ" ń sọ. Ẹ wò ó nínú ilé ná. Gbogbo ẹni tá a jọ ń gbé ni ará ilé, títí kan ẹni tó gba yàrá kan tó ń san rẹ́ǹtì, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún, ọmọ ilé ni wọ́n máa pè jókòó. Èyí tó tún wá là á yé èèyàn jù ni ti egúngún. Tí egúngún bá jáde, "ará ọ̀run" la máa ń pè é, ará ọ̀run kìnkin, bẹ́ẹ̀ sì rèé bàbá wa ni, ilé wa ló ti lọ. Ibi tó ń gbé báyìí là ń wí, a ò sọ pé kì í ṣe tiwa mọ́.

Ìdí nìyẹn téèyàn fi lè jẹ́ ará ìlú mẹ́ta mẹ́rin láyé ẹ̀ kó má sì yí ibi tó ti jẹ́ ọmọ padà. Ṣebí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló lọ ṣòwò sí Gáná kí ìjọba Busia tó ń darí Gáná nígbà yẹn tó ní kí àwọn àlejò tí ò níwèé máa lọ lọ́dún 1969, àwọn kan wà nínú àwọn tó padà wálé tó jẹ́ pé Gáná ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn ò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí, síbẹ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, agboolé bàbá wọn ni wọ́n wọ̀ sí.

Àwọn ibòmíì wà tí orúkọ àwọn èèyàn ibẹ̀ ò bá ti ìlú mu. Èèyàn á ní "Ẹ̀gbá ni mí", "Ìjẹ̀ṣà ni mí", ó parí, kò nílò ará kò nílò ọmọ, àmọ́ "Abẹ́òkúta ni mí" ò dún létí, ará Abẹ́òkúta là á ní. Ó sì nídìí o, torí Abẹ́òkúta ò jẹ́ ti Ẹ̀gbá nìkan, àwọn Òwu wà níbẹ̀ dáadáa, ará Abẹ́òkúta ló kó gbogbo wọn pọ̀.

Ti Ọ̀yọ́ ló máa ń da ọ̀pọ̀ rú. Ọ̀yọ́ ni ìlú Aláàfin, Ọ̀yọ́ ni sítéètì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, Ọ̀yọ́ náà tún ni gbogbo àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́, títí dé Ìwó àti Ẹdẹ tó ti bọ́ sí Ọ̀ṣun látọdún 1991. Àwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà lóòótọ́, àmọ́ tẹ́nìkan bá pè mí lọ́mọ Ọ̀yọ́ màá ní rárá, ọmọ Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, ni wá, ọmọ ajílété. Béèyàn bá sì ní "ọmọ Ọ̀yọ́" láìfi nǹkankan kún un, ìlú Aláàfin ló máa wá sọ́kàn èmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè, ọ̀rọ̀ Ọ̀fà yín wá kù. Ẹ má ní "Ọlọ́fà ni mí" o, ọba nìyẹn. Ọmọ Ọlọ́fà ni yín, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, bí oríkì ṣe máa ń kì yín nìyẹn kódà bẹ́ ẹ ò bá tilé ọba wá. Ohun tí mo sì fẹ́ kí bàbá tó dá yín lóhùn yẹn rántí náà nìyí: kiri agboolé Ògbómọ̀ṣọ́ kó o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kira wọn, wàá gbọ́ ọmọ Oníkòyí, ọmọ Olúgbọ́n, ọmọ Arẹ̀sà. Ogun ayé ijọ́un ló lé àwọn ará Ìkòyí, Igbọ́n àti Ìrẹsà wá sá sábẹ́ Ṣọ̀ún, ará ni wọ́n nígbà yẹn, lónìí ta ló máa sọ pé àtọmọdọ́mọ wọn kìí ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? Oríkì wọn ò parẹ́, ìlú sì ti gbà wọ́n. Nítorí náà bàbá yẹn mọ ọ̀rọ̀ lò, àmọ́ lójú tèmi kò yẹ kéèyàn fi lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. "Àlejò" ò burú, ọ̀rọ̀ iyì ni, àmọ́ "àtọ̀húnrìnwá" ní ẹ̀gún nínú, mi ò kí ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọlúàbí, bí "ará òkè" tí wọ́n máa ń pe àwa tòkè yìí nígbà kan l'Ékòó.

Tí wọ́n bá tún bi yín, ẹ ní "ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí", kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn. Tó bá jẹ́ ti fọ́ọ̀mù gọ́fámẹ́ǹtì tó ń bèèrè ibi tí bàbá yín ti wá, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà ní Kwara lẹ máa kọ. Tó bá wá jẹ́ pé obìnrin ni yín, tẹ́ ẹ sì fi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ọkọ, ìyàwó ilé ni yín níbí, àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bá bí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n láìsí àríyànjiyàn, kódà kó jẹ́ Kánò lẹ bí wọn sí.