Ẹ̀pà kọ́, ike yẹn ni

O ní kí n sọ bóyá kí o ṣíwọ́ ẹ̀pà jíjẹ, àti àgbo tó lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ kí irorẹ́ tó bo ojú rẹ tó lọ, torí ìgbéyàwó rẹ ku oṣù mẹ́ta. Ojú ìwé méjì gbáko lo fi rojọ́ ẹ̀pà. Àárín rẹ̀ lo ti wá fi ẹnu bà á fẹ́rẹ́: "Àǹtí, kíríìmù tí wọ́n pò fún mi lọ́jà nìkan ni mò ń lò láti oṣù mẹ́rin, kì í bóra o, ó kàn ń jẹ́ kí ara mi dán ni."

Ìwọ ọmọ yìí! Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni irorẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ náà lo kọ ọ́. Kí ló wà nínú ike yẹn? Ṣé wọ́n kọ ohunkóhun sí i lára?

Ẹjọ́ ike yìí ti sú mi. Ike funfun tí kò lórúkọ, ìpara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Túbù làpálàpá ni wọ́n sábà máa ń fún sí i, èyí tó ní steroid, oògùn tó ń mú kí awọ tó wú tàbí tó ń yún rọlẹ̀, bíi betamethasone tàbí clobetasol nínú. Oògùn gidi ni tí dókítà bá ní kí o fi pa ibi tí awọ ti wú tàbí tó ń yún fún ọjọ́ díẹ̀. Bí o bá ń fi para láràárọ̀, á sọ awọ ojú di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irorẹ́ wínníwínní á sì bo gbogbo ojú.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò dọ̀tí. Irorẹ́ lásán pàápàá, ọ̀rá ara àti awọ tó ti kú ló ń dí ihò tí irun ń gbà hù, kòkòrò á wá ráyè níbẹ̀. Àgbo wo ló fẹ́ débẹ̀?

Má kàn ju ike náà nù lónìí kí o sì dákẹ́. Bí èèyàn bá já steroid lójijì, ojú lè wú, kó máa ta, kó máa yún. Ibẹ̀ lẹ̀yin ọmọ yìí ti ń sáré padà sí ike, tí ẹ ó ní òun ló ń wò yín sàn! Lọ bá dókítà awọ ara, òun ló máa mọ bí wàá ṣe já a. Bí oyún bá wà, tàbí ẹ fẹ́ kó tètè dé, sọ fún un kó tó kọ oògùn irorẹ́ bí adapalene fún ọ. Oògùn irorẹ́ máa ń tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó hàn lójú. Ka oṣù mẹ́ta tó kù yẹn wò.

Yé fi èékánná tẹ̀ ẹ́, àpá dúdú rẹ̀ máa ń pẹ́ ju irorẹ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o lọ, kí o sì gbé ike náà dání.